Samuel Battle, ọlọ́pàá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá yodì

Kéèyàn wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kó kí gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn, ìyà gidi ni. Ohun tí ojú Samuel Battle rí nìyẹn nígbà tó di ọlọ́pàá nílùú New York, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1911.

Oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1883, ni wọ́n bí i sílùú New Bern, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ kí ìjọba Amẹ́ríkà tó dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Nígbà tí Battle dàgbà, ó gba ìhà àríwá lọ láti wá iṣẹ́, ó sì di alábàárù ní Grand Central, ibùdó rélùwéè ńlá tó wà ní New York. Àna rẹ̀ kan, Moses Cobb, ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Brooklyn kí wọ́n tó pa Brooklyn pọ̀ mọ́ New York lọ́dún 1898. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wọ Battle lójú.

Ó kàwé, ó ṣe ìdánwò, ó sì yege. Nínú àwọn 638 tó wà lórí ìwé, ipò 199 ló wà. Àfi bí àwọn dókítà ọlọ́pàá ṣe ní ọkàn rẹ̀ kò le. Ọkùnrin tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, tó ń fi ẹrù ṣeré láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Àwọn dókítà míì yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí àrùn kankan. Àwọn èèyàn dúdú tó lẹ́nu láwùjọ gbé ọ̀rọ̀ náà lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, wọ́n sì tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 1911, wọ́n gbà á síṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n pín in sí, àwọn òyìnbó bá a yodì. Wọn kì í kí i, wọn kì í bá a sọ̀rọ̀, wọn kò sì fẹ́ sùn sínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òkè àjà, níbi tí wọ́n ń kó àsíá sí, ni Battle ń tẹ́ ara rẹ̀ sí. Wọ́n fi ìwé ìhalẹ̀ sí ibùsùn rẹ̀. Bó bá sì jáde sí ìgboro, èrò á pé lé e lórí bí ẹni ń wo egúngún, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

Battle kò bá wọn jà, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Harlem, níbi tí àwọn èèyàn dúdú ti ń pọ̀ sí i.

Nígbà tó fẹ́ di sájẹ́ǹtì, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọlọ́pàá ti ń múra ìdánwò náà sílẹ̀ kò gbà á, torí àwọn òyìnbó ibẹ̀ kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1919, ọlọ́pàá òyìnbó kan kó sọ́wọ́ àwọn èrò tínú ń bí ní Harlem. Battle ló wọ àárín wọn, tó sì yọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó kọ̀ ọ́ dìbò pé kó wọlé. Ó ṣeni láàánú pé àfìgbà tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ọ̀kan lára wọn ni wọ́n tó kà á sí èèyàn.

Lọ́dún 1926, ó di sájẹ́ǹtì. Lọ́dún 1935, ó di lẹ́fútẹ́náǹtì, kò sì sí aláwọ̀ dúdú tó dé ipò méjèèjì ṣáájú rẹ̀ ní New York. Lọ́dún 1935 yìí kan náà, ariwo ta ní Harlem pé wọ́n ti pa ọmọkùnrin kan, Lino Rivera, ìgboro sì dàrú. Battle gbá ọmọ náà mọ́ra, wọ́n ya fọ́tò wọn, káyé lè rí i pé ó wà láàyè.

Ó tún kọ́ Wesley Williams, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Grand Central, bó ṣe máa wọ iṣẹ́ panápaná lọ́dún 1919. Wọ́n fi irú ojú kan náà wo òun náà, àmọ́ ó ti lẹ́ni tó ń gbà á nímọ̀ràn. Battle alára kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1941, Olórí ìlú, La Guardia, sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn kọmíṣánnà tó ń bójú tó àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1951, ó sì kú ní oṣù kẹjọ, ọdún 1966, lẹ́ni ọdún 83. Lọ́dún 2009, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ oríta Lenox àti òpópó 135 ní Harlem.