Taslim Ọláwálé Elias (1914–1991): Ọmọ Èkó tí ó di Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé

Taslim Ọláwálé Elias ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ sí ìlú The Hague ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Ṣáájú àkókò yẹn, ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìṣirò owó rélùwéè, ó ti kọ ìwé tí àwọn amòfin ilẹ̀ Áfíríkà fi ń ṣe ẹ̀rí, ó ti ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́, ó sì ti jẹ Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìbéèrè méjì ni ó la ìgbésí ayé rẹ̀ já. Èkíní ni bóyá ohun tí àwọn baba ńlá wa ń tẹ̀lé kí òyìnbó tó dé jẹ́ òfin ní tòótọ́. Èkejì ni ohun tí amòfin lè ṣe nígbà tí ìjọba tí ó ń sìn bá gbé ara rẹ̀ ga ju òfin lọ. Ó dáhùn èkíní kedere nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ní ti èkejì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù fún wa láti yẹ̀ wò.

Ìbí àti ẹ̀kọ́

A bí Elias ní ìlú Èkó ní ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá, ọdún 1914. Ọdún yìí gan-an ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan, tí Èkó létí òkun àti Jos lórí òkè fi di ara orílẹ̀-èdè kan náà. Elias kàwé ní C.M.S. Grammar School àti ní Igbobi College. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ẹ̀ka ìjọba tí ń yẹ ìwé owó wò, kí ó tó bọ́ sí ọ́fíìsì olórí ìṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó ń kó tíìnì tí wọ́n ń wà ní agbègbè Jos lọ sí èbúté. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ó lò níbẹ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń kàwé fún ìdánwò Yunifásítì London láìkúrò ní Èkó. Ní ọdún 1944 ó rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ University College London. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú òfin ní ọdún 1946; ní ọdún 1947 ó di agbẹjọ́rò lábẹ́ Inner Temple; ní ọdún 1949 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa ni kí ó tó parí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìdádúró yìí kò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Òfin ìbílẹ̀: ṣé òfin ni?

Láyé ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé àwọn ènìyàn Áfíríkà kò ní òfin. Wọ́n ní àṣà lásán ni wọ́n ń tẹ̀lé, pé ìbẹ̀rù àwọn òkú ọ̀run ni ó ń mú wọn pa á mọ́, àti pé wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ṣẹ̀ sí ìlú àti gbèsè láàárín ẹni méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí ilẹ̀ àti owó so mọ́ ọn. Bí àṣà kò bá jẹ́ òfin, a jẹ́ pé ilẹ̀ tí ẹbí ń dá oko lórí rẹ̀ láti ìran dé ìran kò ní olówó, ẹni tí ó bá sì dé pẹ̀lú ìbọn lè sọ ọ́ di tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú Elias nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, ó sì fẹ́ san owó tí kò tó nǹkan fún Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, pẹ̀lú àlàyé pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀ náà. Olóyè Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ àti ti ẹbí, pé olóyè ń dì í mú fún gbogbo wọn, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó fún un bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ní agbègbè Jos, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Láti ọdún 1910 ni òfin àwọn òyìnbó ti fi ilẹ̀ Àríwá sábẹ́ àkóso Gómìnà, ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ sì di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kùsà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì wa tíìnì lórí ilẹ̀ oko àwọn Bẹ̀rọ̀m àti àwọn aládùúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ oko di kòtò, owó ìtánràn tí àgbẹ̀ sì ń gbà kéré. Ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ Àpápá wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí òkè yìí yóò mọ ìdí tí ìbéèrè nípa òfin ìbílẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Ìdáhùn Elias wà nínú ìwé méjì tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Nigerian Land Law and Custom jáde ní ọdún 1951, ó sì ṣe àlàyé bí ilẹ̀ ẹbí ṣe ń jẹ́, ẹ̀tọ́ olórí ẹbí, ẹ̀tọ́ ọmọ ẹbí, àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí títà ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. The Nature of African Customary Law jáde ní ọdún 1956. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi hàn pé òfin ìbílẹ̀ ní ìlànà, ó ní ìjìyà, ó ní ilé-ẹjọ́, ó sì ń yí padà bí ìgbà ti ń yí. Ó ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó èyí tí a lè fi sọ pé ọ̀kan jẹ́ òfin, èkejì kì í ṣe òfin. Láàárín ọdún wọ̀nyí ó ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Manchester àti ní Oxford, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà.

Iṣẹ́ ìjọba

Ní ọdún 1958, Elias jẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí òfin fún ẹgbẹ́ NCNC níbi àpérò lórí òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ní London. Nígbà tí orílẹ̀-èdè gba òmìnira ní ọdún 1960, ó di Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ó darí àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán láti ṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀ fún Kóńgò, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ ìwé àdéhùn tí a fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní Addis Ababa ní ọdún 1963.

Láti ọdún 1961 títí di 1975, ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì jẹ́ alága rẹ̀ ní ọdún 1970. Ní ọdún 1968 àti 1969, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ gbogboogbò níbi àpérò tí ó ṣe òfin fún àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè ní ìlú Vienna. Àpérò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí ọ̀nà tí a ó gbà parí ìjà nígbà tí orílẹ̀-èdè kan bá ní àdéhùn kan kò yẹ kí ó dúró. Àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan láti Áfíríkà àti Éṣíà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, ni ó gbé àbá ìlàjà wá. Nígbà tí wọ́n dìbò, orílẹ̀-èdè 79 fara mọ́ òfin náà, ọ̀kan ṣoṣo kọ̀ ọ́, 19 kò sì dá sí i.

Ìdánwò sábẹ́ ìjọba ológun

Ìdìtẹ̀-gbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966 mú Elias kúrò nípò mínísítà. Ní ọdún náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka òfin ní Yunifásítì Èkó. Kí ọdún tó parí, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ọmọ Ngas láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Plateau lónìí, dá a padà sípò Agbẹjọ́rò Àgbà.

Ibí yìí ni ìbéèrè kejì ti bá a. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, nínú ẹjọ́ Lakanmi, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lábẹ́ Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá pinnu pé òfin ìpìlẹ̀ ṣì wà láàyè, àti pé ìjọba ológun kò ní àṣẹ láti fi òfin ológun gba dúkìá ẹni tí ó dárúkọ, nítorí adájọ́ ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà fún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba gbé Òfin Ológun 28 ti ọdún 1970 jáde. Òfin yìí sọ pé ìdìtẹ̀ ọdún 1966 ti pa ètò àtijọ́ rẹ́, kò sì sí ilé-ẹjọ́ kankan tí ó lè yẹ àṣẹ ológun wò. Elias ni Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà náà. Ní ọdún 1972, nígbà tí Adémọ́lá fẹ̀yìntì, Gowon mú Elias tààrà láti ipò yìí, ó sì fi í jẹ Adájọ́ Àgbà, olórí ilé-ẹjọ́ kan náà tí ìjọba ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan rí i bí ẹ̀san tí ó yẹ ọ̀mọ̀wé ńlá. Àwọn mìíràn rí i bí àmì pé ìjọba fẹ́ ilé-ẹjọ́ tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ó dájú ni pé ipò náà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún 1975, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Gowon nígbà tí ó wà ní Kampala níbi ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ìjọba tuntun yọ Elias nípò Adájọ́ Àgbà, ó sì fi Sir Darnley Alexander rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó wà nípò Agbẹjọ́rò Àgbà nígbà tí ìjọba ológun gbé ara rẹ̀ ga ju ilé-ẹjọ́ lọ wá rí i pé kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè gba òun lọ́wọ́ agbára yẹn.

Ìlú The Hague

Ní ọdún 1975 kan náà, Ìpàdé Gbogboogbò àti Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò yan Elias sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1976, ó sì di igbákejì Ààrẹ ní ọdún 1979. Nígbà tí Ààrẹ, Sir Humphrey Waldock, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, Elias ni ó di iṣẹ́ náà mú, àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yàn án ní Ààrẹ ní ọdún 1982.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí ipò yìí jẹ́. Adájọ́ 15 ni ó wà ní ilé-ẹjọ́ náà, ọdún mẹ́sàn-án ni sáà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn fúnra wọn ni ó ń yan Ààrẹ fún ọdún mẹ́ta. Ààrẹ ni ó ń jókòó sí orí àga ìgbẹ́jọ́ àti ìpàdé ìkọ̀kọ̀. Òun ni ó ń darí iṣẹ́, tí ó sì ń bojú tó àkóso ilé-ẹjọ́. Akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́, tí àwọn adájọ́ ń yàn fún ọdún méje, ni ó ń gba ìwé ẹ̀sùn, tí ó ń darí àwọn òṣìṣẹ́, tí ó sì ń tọ́jú ìwé ní èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Santiago Torres Bernárdez, ará Spéìn, ni ó wà nípò náà nígbà Elias. Bí ìbò àwọn adájọ́ bá dọ́gba, ìbò Ààrẹ ni ó ń parí ọ̀rọ̀. Áfíríkà kò lè gbàgbé agbára yìí. Ní ọdún 1966, nígbà tí Ethiopia àti Làìbéríà pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ lórí Namibia, méje sí méje ni ìbò, ìbò Ààrẹ ìgbà náà ni ó sì dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tuntun ti kẹ̀yìn sí ilé-ẹjọ́ yìí. Elias fúnra rẹ̀ ti dúró níwájú ilé-ẹjọ́ náà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ Namibia kan náà, èyí tí ó yọrí sí ìmọ̀ràn ọdún 1971 pé Gúúsù Áfíríkà kò ní ẹ̀tọ́ láti dúró sí ilẹ̀ náà.

Ẹjọ́ tí ó le jù ní àkókò ìṣàkóso rẹ̀ dé ní oṣù kẹrin ọdún 1984. Nicaragua, orílẹ̀-èdè kékeré kan, pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ pé ó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ri àdó olóró sínú omi ní àwọn èbúté rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù karùn-ún, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí Amẹ́ríkà dáwọ́ ohun tí ó ń dí èbúté náà lọ́wọ́ dúró, gbogbo adájọ́ sì fara mọ́ èyí, títí kan ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ilé-ẹjọ́ pinnu pé òun ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1985, Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní kópa mọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ ní láti wá ẹ̀rí fínnífínní kí ó tó dájọ́ láìsí ẹnìkejì níwájú rẹ̀. Sáà Elias gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ parí ní oṣù kejì ọdún náà, Nagendra Singh ti Íńdíà sì gba ipò. Nígbà tí ìdájọ́ ìkẹyìn jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1986, èyí tí ó dá Nicaragua láre lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, Elias wà lára àwọn adájọ́. Amẹ́ríkà kò tẹ̀lé ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lágbára rí i pé a lè pe alágbára lẹ́jọ́.

Ìkẹyìn ọjọ́ rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Elias wà lórí àga ìdájọ́ títí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1991. Bọ́lá Ajíbọ́lá ni wọ́n yàn láti parí sáà rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ àti òfin ìbílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin láti Èkó títí dé Yunifásítì Jos, tí ó di yunifásítì tí ó dá dúró ní ọdún 1975 tí wọ́n yọ Elias nípò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa kò gbọdọ̀ ka apá kan ìtàn náà nìkan. Ó fi ìmọ̀ gbèjà òfin àwọn tí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò, ó sì jókòó ní àga tí orílẹ̀-èdè kékeré ti pe orílẹ̀-èdè ńlá lẹ́jọ́. Ó tún sin ìjọba tí ó ti ẹnu ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ pa. Ohun tí ilé-ẹjọ́ ní The Hague ní tí ti Èkó kò ní ní ọdún 1970 ni pé kò sí ìjọba kan ṣoṣo tí ó lè fi òfin ọjọ́ kan gba agbára rẹ̀.