Ottobah Cugoano, Ọmọ Fante tí A Jí Gbé

Àwọn òǹkàwé wa tí ń gbé ní Sabon Zongo ní ìlú Accra mọ̀ pé èdè Haúsá ni orúkọ àdúgbò wọn, àti pé ibùgbé titun fún àwọn àlejò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Malam Bako àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn Haúsá, Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn sì jọ ń gbé ibẹ̀. Òwò àti iṣẹ́ ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi rìn dé. Ṣùgbọ́n ní etí òkun, tí kò jìnnà sí wọn, ni Ussher Fort àti James Fort wà. Níbẹ̀ ni a ti há àwọn mìíràn mọ́ ní ayé òwò ẹrú, àwọn tí a fi túláàsì mú kúrò nílé, tí a sì kó sínú ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀ ìtàn, bí 12,500,000 ènìyàn ni a kó sọdá Òkun Àtìláńtíìkì bẹ́ẹ̀ láti Áfíríkà. Bí 10,700,000 ni ó gúnlẹ̀ láàyè. Díẹ̀ kíún nínú wọn ni ó rí àyè kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni Ottobah Cugoano, ọmọ Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1757 ni a bí i ní Ajumako ní ilẹ̀ Fante. Ó ń jẹ́ Quobna pẹ̀lú, èyí tí a ń kọ ní Kwabena nísinsìnyí, orúkọ tí àwọn Akan ń sọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Baba rẹ̀ jẹ́ ẹni tímọ́tímọ́ sí olórí agbègbè náà, nínú ilé ọlá sì ni ọmọ náà ti dàgbà. Nígbà tí ó di bí ọmọ ọdún 13, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kan, òun àti àwọn ọmọ bí 20 wọ inú igbó lọ láti ká èso àti láti mú ẹyẹ. Àwọn jàǹdùkú kan ká wọn mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn àti àdá, wọ́n ní wọ́n ti ṣẹ olúwa àwọn, wọ́n sì dà wọ́n lọ. Ènìyàn dúdú bí tiwọn ni àwọn tí ó mú wọn. Cugoano kò fi èyí pamọ́ nínú ìwé rẹ̀.

Ẹ̀tàn ni a fi mú un dé Cape Coast. Níbẹ̀ ni ó ti rí òyìnbó, ó sì rò pé wọn yóò pa òun jẹ. Ìṣojú rẹ̀ ni a ṣe san owó orí rẹ̀ fún ẹni tí ó mú un wá: ìbọn kan, aṣọ kan, àti òjé díẹ̀.

Nígbà tí a ń kó wọn jáde lọ sínú ọkọ̀, ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ìró pàṣán àti igbe ìrora ni ó gba ibẹ̀ kan. Àwọn mìíràn dùbúlẹ̀ tí wọn kò dìde, bí ó ti wù kí a nà wọ́n tó. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọkọ̀ náà dúró níbi tí wọ́n ti ń rí ilẹ̀ wọn. Àwọn oníṣòwò dúdú ń wọ inú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n a ti lé àwọn ẹrú sínú ihò ìsàlẹ̀, a kò sì jẹ́ kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò bá òun ránṣẹ́ sí Ajumako pé ibi báyìí ni òun wà. Kò rí ẹni náà.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, tí wọ́n sì rí i pé a ń gbé wọn lọ ní tòótọ́, wọ́n yan ikú ju ìyè lọ. Wọ́n pète láti dáná sun ọkọ̀ náà, kí gbogbo wọn lè jọ ṣègbé. Àwọn ọkùnrin wà nínú ẹ̀wọ̀n ní ìsàlẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdékùnrin ni yóò tiná bọ̀ ọ́. Obìnrin ìlú wọn kan, tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ń bá sùn, ni ó tú àṣírí náà, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì ni a ta sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó dá obìnrin náà lẹ́bi, ó yẹ kí a rántí ohun mìíràn tí Cugoano kọ, pé àwọn atukọ̀ a máa mú àwọn obìnrin Áfíríkà lò bí ó ti wù wọ́n.

Ní erékùṣù Grenada ni a tà á sí, ó sì ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ó rí i tí a fọ́ eyín àwọn ènìyàn nítorí pé wọ́n jẹ ìrèké. Ó kọ̀wé nípa ẹnì kan tí a nà ní pàṣán 24 nítorí pé a rí i nínú ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Alexander Campbell mú un dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọdún 1772. Ní oṣù June ọdún yẹn ni Adájọ́ Mansfield ti dájọ́ pé ọ̀gá kò lè fi agbára mú ẹrú jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ àwọn ajínigbé kò dẹ́kun, àwọn ẹni rere kan sì gba Cugoano nímọ̀ràn pé kí ó ṣe ìrìbọmi, kí a má baà tún un tà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ìjọ St James ní Piccadilly ní ọjọ́ 20 oṣù August 1773, a sì sọ ọ́ ní John Stuart. Bí ó ti ń rí àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń kàwé, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ìwé kíkà sì di ayọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó di ọmọ ọ̀dọ̀ Richard Cosway, ayàwòrán gbajúmọ̀. Ní ọdún 1786, òun àti ará Áfíríkà kan sáré lọ sọ fún Granville Sharp pé a ti jí ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan, Henry Demane, gbé sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí West Indies. Sharp gbé ìgbésẹ̀ kíákíá, a sì gba ọmọ náà sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń múra àtilọ. Báyìí ni ẹni tí kò rí oníṣẹ́ rán sí Ajumako ṣe di oníṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1787 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ìwà búburú òwò ẹrú. Orúkọ ìbí rẹ̀ ni ó fi sí i, kì í ṣe orúkọ ìrìbọmi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rí inú rẹ̀ ni ó fà láti inú Ìwé Mímọ́, nítorí inú rẹ̀ náà ni àwọn olówò ẹrú ń sọ pé àwọn ti rí àṣẹ. Wọ́n a máa wí pé Nóà ti gégùn-ún fún ìran Hámù, àti pé nítorí náà ni ènìyàn dúdú fi di ẹrú. Cugoano ka ibẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú orí kẹsàn-án Gẹ́nẹ́sísì, ó sì fi hàn pé Kénáánì nìkan ni ègún náà dárúkọ. Àwọn ènìyàn Áfíríkà, ní tirẹ̀, ìran Kúṣì ni wọ́n. Ó tọ́ka sí òfin Mósè pẹ̀lú, tí ó dá ẹni tí ó bá jí ènìyàn tà lẹ́bi ikú. Àwa olùtúmọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Hébérù lò níbẹ̀ àti nínú òfin tí ó ní kí a má jalè. Olè ni òwò náà, àti olùtà àti olùrà. Cugoano gbà pé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí kò bá sí olùrà, kì bá tí sí olùtà. Yorùbá náà sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó béèrè pé kí a fòpin sí òwò ẹrú pátápátá, kí a dá àwọn ẹrú sílẹ̀, kí a sì rán ọkọ̀ ogun lọ sí etí òkun Áfíríkà láti dí àwọn olówò lọ́nà. Ó dàbí àlá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà ní ọdún 1807, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì jáde sórí òkun. Ọ̀kan nínú wọn, Myrmidon, ni ó gba ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní ọjọ́ 7 oṣù April 1822. Àjàyí yìí ni a mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, aṣáájú nínú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá tí a parí ní ọdún 1884.

Ní ọdún 1791 ni Cugoano tún tẹ ìwé kan tí ó kúrú ju ti ìṣáájú jáde, ó sì kéde pé òun fẹ́ dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ará Áfíríkà. Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ kò hàn mọ́ nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ní oṣù November 2020, a fi àmì ìrántí rẹ̀ sí ara Schomberg House ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti sin Cosway.

Jíjí ènìyàn gbé nítorí owó kò tíì tán ní ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi Ìwé Mímọ́ gbe ohun tí kò sí nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kò tíì tán. Orúkọ kan péré, Kénáánì, ni wọ́n fò dá nígbà náà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni a sì fi ìfòdá yẹn dè. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Sabon Zongo àti níbi gbogbo, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé báyìí ni a kọ ọ́, ẹ ṣí ìwé náà ní èdè yín, kí ẹ sì kà á fúnra yín.