Félix Houphouët-Boigny: Dókítà tó di ààrẹ Côte d'Ivoire, tí jẹjẹrẹ prostate pa

Ará Koumassi tó bá fẹ́ lọ sí Plateau ní Abidjan lè gba orí afárá kọjá ọ̀sà. Ọ̀kan lára àwọn afárá náà ń jẹ́ Félix Houphouët-Boigny. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ààrẹ àkọ́kọ́ Côte d'Ivoire, àmọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ló kọ́kọ́ ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1905 ni wọ́n bí i ní Yamoussoukro, sí ìdílé ìjòyè Baoulé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Dakar, ó sì ṣe ipò kìíní nígbà tó jáde ní 1925. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba Faransé fún un kò jẹ́ kó bá dókítà òyìnbó dọ́gba.

Nílé ìwòsàn Abidjan, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà jọ sínú ẹgbẹ́. Inú ìjọba amúnisìn kò dùn sí i, ni wọ́n bá gbé e lọ sí Guiglo ní 1927. Ìgbà tó dé Abengourou ní 1929 ló rí ìyà tó ń jẹ àwọn àgbẹ̀ kòkó. Èyí ló fà á wọ ìṣèlú.

Láti ilé ìwòsàn dé ilé ìjọba

Òfin 1946 tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe láwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Láàrin 1957 sí 1958, ó jẹ́ mínísítà ìlera ní Faransé. Ó di ààrẹ ní 1960, kò sì kúrò lórí àga títí tó fi kú.

Àìsàn tó mú un lọ

Lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ni prostate wà. Jẹjẹrẹ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìsí àmì kankan. Tó bá ti dàgbà, ìtọ̀ lè máa kán tótó, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde. Ó tilẹ̀ lè dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín, kó sì ba kíndìnrín jẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA àti kí dókítà fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lè tètè fura sí i. Iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán tàbí oògùn ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Houphouët-Boigny gba ìtọ́jú ní Paris ní 1993, kó tó padà sílé. Ó kú ní Yamoussoukro lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà, lẹ́ni ọdún 88.