Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ògèdèǹgbé, Ọbańlá Iléṣà

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí kì í ṣe ọmọ ìlú mi. Ìfẹ̀-Ọ̀dàn ni ìlú mi, ní agbègbè Èjìgbò, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ẹṣin lè sáré lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń jà kiri ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1800, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin ń fẹ́. Ìgbà tí àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, ni ara tó tu àwọn ènìyàn díẹ̀. Láti ìgbà náà ni agbègbè wa ti wà lábẹ́ ààbò Ìbàdàn, tí ó sì ń sìn ín. Nítorí náà, ọ̀tá ni Ògèdèǹgbé jẹ́ sí ẹni tí àwọn baba wa fi ẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò di olùkọ́ kò gbọdọ̀ mọ ìtàn àwọn ènìyàn tirẹ̀ nìkan. Ó yẹ kí ó lè sọ ti ẹni tí ó bá baba rẹ̀ jà, kí ó má bù ún kù, kí ó má sì bù mọ́ ọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1822 ni a bí Ògèdèǹgbé ní Àtòrin, abúlé kan tí kò jìnnà sí Iléṣà. Òrìṣàráyíbí ni orúkọ tí a sọ ọ́. Ògèdèǹgbé ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, Agbógungbórò sì ni oríkì tí ogun fún un. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò rí bí ilẹ̀ tiwa. Òkè àti igbó ńlá ni ó yí i ká, ẹlẹ́ṣin kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní láti fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó sì ní sùúrù. Àwọn Ìbàdàn ní sùúrù náà, wọ́n sì ń wá lọ́dọọdún.

Nínú ọ̀kan nínú àwọn ogun wọ̀nyí ni ọwọ́ tẹ Ògèdèǹgbé nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, a sì mú un lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Ìlú Ìbàdàn ìgbà náà yàtọ̀ sí ìlú tí a bí i sí, nítorí pé kò sí oyè ogun kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo; ẹni tí ó bá ní ìgboyà, tí ó sì lè kó ọmọ ogun jọ, ni ó ń ga. Ògèdèǹgbé rí bí wọ́n ṣe ń dó ti ìlú, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ ogun, àti bí balógun ṣe ń jẹ́ baba fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní baba mìíràn. Nígbà tí ó padà sí ilé, ẹ̀kọ́ yìí ni ó mú bọ̀. Àwọn Ìbàdàn ni olùkọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sì fi bá wọn jà.

Kò pẹ́ tí àwọn Ìbàdàn fi dó ti Iléṣà gan-an. Ògèdèǹgbé wà lára àwọn tí ó gbèjà ìlú náà kíkankíkan, ṣùgbọ́n ebi wọ inú odi, agbára sì tán. Ní oṣù kẹfà ọdún 1870 ni Iléṣà ṣubú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kó lẹ́rú lọ. Ògèdèǹgbé bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ, ó dó sí Ìta-Ògbólú ní apá Àkúrẹ́, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń jagun kiri ní ilẹ̀ Èkìtì àti Àkókó. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ohun tí àwọn Ìbàdàn ṣe sí Iléṣà ni òun náà ṣe sí ìlú àwọn ẹlòmíràn. Ó kó ẹrú, ó sì ti ipa ogun ní ọlá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ilé wọn ti bàjẹ́ rọ́ tọ̀ ọ́ wá, wọ́n sì di ọmọ fún un. Ogun nìkan ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀.

Ní ọdún 1878 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti ń ni àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lára tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún náà ni Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, bínú pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀, àwọn ìlú yòókù sì dìde pẹ̀lú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn nítòsí Ìkìrun, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ. Ogun Jálumi ni a ń pe ogun náà títí di òní. Lẹ́yìn ìpalára yìí ni wọ́n ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé. Kò sí nínú ìjà ti Ìkìrun, kò sì yá a lára láti tètè dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, gbogbo wọn gbà á ní olórí ogun.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni àgọ́ Èkìtìparapọ̀ wà, àwọn Ìbàdàn sì dó sí ìhà Ìgbájọ lábẹ́ Ààrẹ Látòósà. Òkè àti àfonífojì ni ó wà láàárín wọn. Nígbà tí ìbọn bá dún, òkè a gbà á, a sì tún un sọ; nínú ìró yìí ni a ti fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Kírìjì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí a ń ki láti ẹ̀yìn, tí ó sì yára ju ṣakabùlà lọ. Èyí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn lè borí wọn.

Ogun náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgọ́ fi di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, wọ́n ná ọjà. Àwọn obìnrin ń dáná, wọ́n ń bímọ, àwọn ọmọ tí a bí níbẹ̀ sì ń dàgbà láàárín ìró ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni Ògèdèǹgbé ṣe jẹ́ baba ilé àti baba ogun papọ̀. Aya rẹ̀ pọ̀, ọmọ rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ ogun tí ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju àwọn tí ó bí lọ. Ẹni tí ó bá ní irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ kò lè sùn kí ó má ronú ohun tí wọn yóò jẹ ní ọ̀la.

Ní ọdún 1885 ni Ààrẹ Látòósà kú nínú àgọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1886, Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn àlùfáà méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni Gómìnà Èkó rán láti bá àwọn méjèèjì ṣe ìpinnu àlàáfíà. Wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tú àgọ́ ká. Síbẹ̀ ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà kò tí ì parí, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ títí Gómìnà Carter fi wá ní ọdún 1893, tí àwọn ọmọ ogun níbi gbogbo sì padà sí ilé.

Ìgbà yìí ni ìdánwò tí ó le jù dé bá Ògèdèǹgbé, kò sì sí ìbọn kan tí ó lè gbà á sílẹ̀. Àlàáfíà ti dé, ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yóò ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò di ọkọ́ mú rí láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ará ìlú àti èrò ọ̀nà lẹ́nu, wọ́n ń gba ohun tí kì í ṣe tiwọn, baba wọn kò sì lè dá gbogbo wọn dúró. Ní ọdún 1894, Kápítẹ́nì Bower, Ajẹ́lẹ̀ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, lọ sí Iléṣà, ó mú Ògèdèǹgbé, ó sì mú un kúrò ní ilé. Ẹ wo bí ayé ti rí: ọkùnrin tí ó ti jagun ọ̀pọ̀ ọdún kí ajẹ́lẹ̀ má baà wà lórí àwọn ènìyàn rẹ̀, ajẹ́lẹ̀ mìíràn ni ó wá mú un ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nígbà tí a sì mú un, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ tí ó tọ́ ni.

Nígbà tí ó padà dé, ó ti di àgbà, kò sì tún gbé ogun dìde mọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà máa ń sọ ọ́ pé wọ́n fi adé Ọwá lọ̀ ọ́ rí, ó sì kọ̀ ọ́. Ajímọ́kọ̀ Kìn-ín-ní, Kristẹni tí ó ti gbé ní Èkó, ni ó jẹ Ọwá ní ọdún 1896. Ní ọdún 1898 ni Ògèdèǹgbé gba oyè Ọbańlá, èyí tí ó tẹ̀ lé ti Ọwá ní Iléṣà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní agbára láti jókòó lórí ìtẹ́ ṣe gbà láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ó ń gbani nímọ̀ràn, tí ó sì ń wo àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà nínú ìlú tí a tún kọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1910 ni ó kú, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa. Ère rẹ̀ wà ní Iléṣà lónìí, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan ń yin ọkùnrin yìí nítorí Kírìjì nìkan, wọn kò sì ṣìnà, nítorí pé ó gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì mìíràn ni èmi rí nínú ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Èkíní ni pé ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí alágbára fi agbára sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ akọni kò mọ̀ títí wọ́n fi kú. Èkejì ni pé ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń jà, ṣùgbọ́n ayé kò fún un ní àyè láti kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé nígbà tí ìjà bá tán. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Iṣẹ́ tí ó kù fún Ògèdèǹgbé láti ṣe ni iṣẹ́ tí a fi lé wa lọ́wọ́ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Nígbà tí a bá padà sí Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, sí Iléṣà, sí Ìbàdàn àti sí Èkìtì, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọ àwọn tí ó ti bá ara wọn jà ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú wa.