Olùkọ́ Adití Tí Ó Ṣí Ọ̀nà Òfurufú

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn olùkọ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni a bí Konstantin Tsiolkovsky sí, ní ọdún 1857. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ibà líle kan ba etí rẹ̀ jẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣeé lọ fún un mọ́, ó sì fi ìwé ṣe olùkọ́ ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kàwé ní Moscow, tí ó ń jẹ búrẹ́dì dúdú òun omi, kí ó lè rówó ra ìwé àti ohun èlò.

Ní 1880 ó di olùkọ́ ìṣirò ní Borovsk; ní 1892 ó kó lọ sí Kaluga. Níbẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwòṣe ọkọ̀ òfurufú, ní 1897. Ní 1903 ó tẹ ìṣirò kan jáde, tí ó fi hàn bí eré rọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbára lé epo tí ó jó àti eré èéfín tí ń ti ìdí rẹ̀ jáde. Díẹ̀ ni ẹni tí ó kà á sí. Ní 1908 ìkún-omi ba ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ kò jáwọ́. Ó kú ní 1935, ọdún 22 kí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó gòkè.

Nínú ìdíje CanSat, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kan ẹ̀rọ tí kò ju agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì á gbé e sókè, páráṣúùtì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó sì máa ròyìn ooru afẹ́fẹ́. Ìṣirò olùkọ́ adití náà ni rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ń tẹ̀lé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kékeré wo iṣẹ́ wa.