Samuel Ogbemudia: Gómìnà Ológun tí Ó Fi Eré Bọ́ọ̀lù Tún Ìlú Tò

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí bá ìtàn Ìlú Benin mu gidigidi. Ìlú náà jó ní ọdún 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu ààfin Ọba Ovonramwen. Nígbà tí ó di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí, ogun tún wọ ìlú. Ẹni tí a fi ìlú lé lọ́wọ́ nígbà tí èéfín ogun kejì yìí kò tíì tú ká ni Ọ̀gágun Samuel Osaigbovo Ogbemudia, ẹni tí ìtàn rẹ̀ dá lé ọwọ́ wa lónìí.

Ìlú Benin gan-an ni a ti bí i, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1932. Ó kàwé ní Western Boys' High School ní ìlú náà kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ogun ní Ghana àti ní Ìlú Ọba, ó sì wà lára àwọn tí a rán lọ pẹ̀tù sí ìjà ní Congo. Ní ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kọjú ìbọn sí ara wọn, díẹ̀ ni ó kù kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ ní Kàdúná. Ó sá àsálà, ó sì padà sílé.

Kò pẹ́ tí wàhálà náà fi tẹ̀ lé e dé ilé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Asaba wọlé, ọmọ Yorùbá kan, Victor Banjo, ni ó sì ṣe olórí wọn. Láàárín ọjọ́ kan péré, wọ́n ti gba Benin. Wọ́n dé Ọ̀rẹ̀ kí a tó dá wọn padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ni ìjọba àpapọ̀ gba Benin lọ́wọ́ wọn, a sì fi Ogbemudia ṣe alákòóso ìpínlẹ̀ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 35 ni.

Ìpínlẹ̀ tí ó gbà kò dùn ún ṣàkóso. Ẹ̀dó wà níbẹ̀, Ẹ̀sán wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Urhobo, Itsekiri, Ìjọ̀, Isoko àti àwọn Ìgbò tí ń gbé níhà ìhín Odò Ọya. Ogun ti mú kí aládùúgbò máa fura sí aládùúgbò. Ní Asaba, ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi àṣẹ ìjọba jinná.

Iṣẹ́ ni Ogbemudia fi dáhùn. Ìwé ìròyìn Nigerian Observer bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Ní ọdún 1970 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó di Yunifásítì Benin sílẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1973. Síbẹ̀, ohun tí ó mú orúkọ rẹ̀ dé ẹnu tẹrútọmọ ni eré ìdárayá. Ó kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí Ogbe, ó sì jẹ́ kí Afuze di ibi tí a ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré-ìdárayá. Ó mọ̀ pé àwọn tí kò lè jókòó sí ìpàdé kan náà lè jókòó sórí àga kan náà láti wo bọ́ọ̀lù.

Láti inú èrò yìí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Benin ti gbilẹ̀. Vipers ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, lẹ́yìn náà ni ó gba orúkọ iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti ìpínlẹ̀ náà, tí a fi ń pè é ní Insurance. Láyé ìgbà náà, bọ́ọ̀lù gbígbá kò tíì di iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi jẹun tààrà ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ ni ó máa ń gba agbábọ́ọ̀lù síṣẹ́, tí yóò máa san owó oṣù fún un, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún pápá. Ní ọdún 1972, ẹgbẹ́ náà borí Mighty Jets ti Jos, ó sì gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup. Ní ọdún 1973, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje líìgì. Ìpínlẹ̀ tí ó ti dúró lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ó gbé ife yìí sókè.

Ṣùgbọ́n ayé kò lọ tààrà fún Ogbemudia. Nígbà tí Murtala Muhammed gba ìjọba ní oṣù Keje, ọdún 1975, a yọ gbogbo gómìnà nípò. Ìgbìmọ̀ olùwádìí dá mẹ́wàá lẹ́bi nínú àwọn méjìlá; Mobolaji Johnson ti Èkó àti Oluwole Rotimi ti Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ni ó bọ́. Ogbemudia wà lára àwọn tí a dá lẹ́bi. A lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun, a sì gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní kíkún kò gbọdọ̀ fo ibí yìí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá a ṣubú. Ní ọdún 1976 a sọ ìpínlẹ̀ náà ní Bendel, orúkọ ẹgbẹ́ náà sì di Bendel Insurance. Ní ọdún 1978 ó na Rangers ti Enugu pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo, ó gba líìgì ní ọdún 1979, ó sì fi góòlù kan ṣoṣo gba ife lọ́wọ́ Stationery Stores ti Èkó ní ọdún 1980. Ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Benin láyé ìgbà náà mọ bí ó ti rí kí ọkàn ẹni pín sí méjì: Stores tàbí IICC ti Ìbàdàn ni ti ilé, Insurance sì ni ti ìlú tí a ti ń jẹun.

Ní ọdún 1983, àwọn ará Bendel fúnra wọn dìbò fún Ogbemudia, ó sì borí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose Alli. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní ọjọ́ tí ọdún náà parí. Lẹ́yìn èyí ó tún ṣe mínísítà lábẹ́ ìjọba Abacha, ó sì di àgbà tí àwọn olóṣèlú ń wá ìmọ̀ràn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jáde láyé ní oṣù Kẹta, ọdún 2017, ní ẹni ọdún 84. Orúkọ rẹ̀ ni pápá Ogbe ń jẹ́ lónìí.

Láti ọdún 1991 ni a ti pín Bendel sí Edo àti Delta, kò sì sí ìpínlẹ̀ kankan tí ń jẹ́ Bendel mọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yìí kọ̀ láti pa orúkọ náà tì. Orúkọ náà ni ó fi gba ife CAF ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1994. Ó rí ọ̀dá pẹ́ lẹ́yìn náà, títí di ọdún 2023, nígbà tí ó na Rangers, tí ó sì tún gba ife ilẹ̀ wa lẹ́yìn ọdún 43. Asaba ni ó ti gbà á, ní ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní ọdún 1967. Àwọn aláṣẹ lè fi gègé pín ilẹ̀, wọ́n sì lè fi gègé gba oyè lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ìlú bá ti jọ hó ìhó ayọ̀ lé lórí, ó ṣòro kí gègé tó pa á rẹ́.