Ìtàn Ìgbésí-Ayé Sarah Forbes Bonetta

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Odòde Ìdànrè tí ẹ dàgbà sáàrin oko kòkó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan tí ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ Yorùbá.

Àìná ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1843, ọmọ ọlọ́lá sì ni. Ní 1848, ogun Dàhòmì ja ìlú Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó o lẹ́rú. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú-omi òyìnbó, gbà á lọ́wọ́ Ọba Ghezo kí wọ́n má baà fi í rúbọ. Ó mú un lọ bá Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ó sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní 1862, wọ́n ní kí ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá. Kò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Brighton. Ó bí Victoria, Arthur àti Stella. Ọbabìnrin ni ìyá-ìsàmì àkọ́bí rẹ̀.

Ikọ́-ife pa á ní erékùṣù Madeira ní 1880. Kò tí ì pé ogójì ọdún. Ọkọ rẹ̀ ri òpó òkúta ní ìrántí rẹ̀ sí oko kòkó rẹ̀ ní Ijon, lẹ́bàá Èkó. Àkọ́bí wọn sì fẹ́ Dókítà John Randle ní 1890.

Ogun tú ilé baba Àìná ká, ṣùgbọ́n òun náà fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ sáyé.